Bí a ṣe ń gbẹ́ abọ́ arère lórí ẹ̀rọ, tí a sì ń fún un ní òróró mu

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ yóò ti rí pákó arère. Ó funfun, ó fẹ́ pọ́n díẹ̀ bí ògì àgbàdo pupa, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ayùn sì ń wọ inú rẹ̀ láìṣe wàhálà. Nítorí náà ni ó ṣe ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ abọ́ lórí ẹ̀rọ tí ń yí igi, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní lathe. Ṣùgbọ́n igi yìí ní ìwà kan tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò fi kábàámọ̀: òùngbẹ rẹ̀ pọ̀. Bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń fa òjò àkọ́rọ̀ mu ni arère ń fa òróró mu, a sì ní láti máa ro òùngbẹ yìí láti ọjọ́ tí a bá ti lọ yan pákó, kì í ṣe ọjọ́ tí a bá ṣí ìdérí òróró.

Iṣẹ́ igi kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì gbẹ́ àwọn ọpọ́n alère pẹ̀lú. Àwọn agbẹ́gilére wa máa ń ka iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Wọn kò lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìlànà wọn bá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ mu, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè dán ohun tí a kò tíì lé dáadáa.

Kí a tó fọwọ́ kan irin, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí òùngbẹ náà ti wá. Bí a bá kó arère gbígbẹ tó kún àyè mítà kan níbùú, lóòró àti lóòkè, ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 380, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méje ààbọ̀. Ìrókò tó kún àyè kan náà yóò sún mọ́ àpò mẹ́tàlá. Àyè ló pọ̀ nínú arère. Àwọn ihò tóóró tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé ṣì wà nínú pákó, bí a bá sì gbẹ́ abọ́ láti ara pákó tí a dà délẹ̀, ẹnu àwọn ihò náà yóò là sílẹ̀ ní apá méjì tó kọjú sí ara wọn lára abọ́ náà. Ní apá méjì yìí ni ṣísẹ́ẹ̀lì ti máa ń fa igi ya, ibẹ̀ náà ni òróró ti ń wọlé jù, ibẹ̀ ni abọ́ sì ti máa ń dúdú ju ara yòókù lọ. N ó máa pè wọ́n ní ẹnu igi.

Fún abọ́ àkọ́kọ́, ẹ gé pákó tó tó ínṣì 8 níbùú, tó sì nípọn tó ínṣì 3. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn igi, ìyẹn àárín gbùngbùn ìtì náà, wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni lílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti dá ihò wẹ́wẹ́ sí i, torí àwọn kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn arère púpọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tó dà bí aró tàbí eérú nínú funfun rẹ̀, ọ̀rinrin ti pẹ́ lára pákó náà, ó sì ti bu; kò ní kó má ṣeé gbẹ́, ṣùgbọ́n òróró yóò mú kí àbàwọ́n náà hàn síi. Bí igi bá ṣì tutù, ẹ gbẹ́ ẹ ní ṣákálá, kí ẹ fi ara abọ́ sílẹ̀ kí ó nípọn tó ìdá mẹ́wàá ìbú rẹ̀, kí ẹ wá kó o pẹ̀lú èérún igi sínú àpò bébà. Ẹ má fi ọ̀rá dì í, yóò bu. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n náà sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́, nítorí pé ẹnu igi yóò gbẹ ṣáájú ara yòókù, yóò sì là.

Nígbà tí ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ bọ́ ohun ọrùn, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ lo awò tó bo gbogbo ojú, kí ẹ sì lo ìbòmú, torí ìyẹ̀ arère máa ń dá ikọ́ fée àti ara yíyún sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Ẹ fi ọwọ́ yí igi náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, láti rí i pé kò kan irin tí ẹ ó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì lé. Bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà níbi bọ́tìnnì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí pé iná lè dé nígbà tí ọwọ́ yín bá wà lára igi. Ní ti eré rẹ̀, ìlànà tó wà ni pé kí ẹ fi ìbú abọ́ ní ínṣì sọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí èsì rẹ̀ wà láàárín 6,000 sí 9,000. Fún abọ́ ínṣì 8, ìyẹn jẹ́ 750 sí 1,125, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ èyí títí igi náà yóò fi rí roboto.

Ní ẹ̀yìn abọ́, ẹ máa gé láti ìdí lọ sí etí. Nínú abọ́, ẹ máa gé láti etí lọ sí àárín, kí ìlà igi tí ẹ ń gé lè ní èyí tó gbé e ró lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì máa fara ra igi bó ṣe ń gé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi rírọ̀ kò nílò irin mímú. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Igi líle yóò dúró kí irin kíkú fi ipá gé e, ṣùgbọ́n arère yóò tẹ̀, yóò sì fà ya, ibi tó fà ya yóò dà bí irun tó ta sókè. Ẹ pọ́n ṣísẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un pọ́n kí ẹ tó gé ìgékẹ́yìn. Bí ẹnu igi bá ṣì ń fà ya, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ibẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí irun náà le, kí ẹ wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èmi ka ọgbọ́n yìí sí pàtàkì ju gbogbo sáńpépà ayé lọ, nítorí pé ibi tó ya kò ṣeé fi sáńpépà bò: òróró ni yóò tú u fó.

Ẹ fi sáńpépà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 120 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú sáńpépà ń kúnná sí i), kí ẹ lọ sí 180, 240 àti 320, láìfò ọ̀kankan. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi; bí ó bá ń gbóná lọ́wọ́, ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ jù. Lẹ́yìn 240, ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, irun igi yóò dìde, kí ẹ wá fi 320 ré e kúrò. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, omi àkọ́kọ́ tó bá kan abọ́ náà ni yóò gbé irun yẹn dìde. Ẹ gbá ìyẹ̀ kúrò nínú gbogbo ihò kí ẹ tó ronú kan òróró.

Òróró ẹ̀pà, epo pupa, àdín àti òrí kì í gbẹ. Abọ́ arère àkọ́kọ́ tí mo ṣe, òróró ẹ̀pà ni mo fi pa á. Kò pé oṣù méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta òórùn, eruku ọyẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn títí tí kò fi ṣeé fọ̀. Ohun tí a ń wá ni òróró tí yóò le nínú igi bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, irú bíi linseed tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Èyí tí wọ́n kọ boiled sí lára máa ń yára gbẹ, ṣùgbọ́n kẹ́míkà amúgbẹ ni wọ́n fi sí i, nítorí náà èyí tí kò ní ohunkóhun nínú ni mo fẹ́ fún abọ́ oúnjẹ. Liquid paraffin tí ilé ìtaògùn ń tà náà dára fún oúnjẹ, kì í sì í ta òórùn, àmọ́ kò ní gbẹ láéláé. Igi bí arère yóò máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà gbogbo.

Fún ìpele àkọ́kọ́, ẹ fi tọ́pẹ̀ńtáìnì la òróró linseed náà, ìdajì sí ìdajì, kó lè wọlé jìnnà. Ẹ fi kùn ún ní àkùnya, kí ẹ sì máa padà sí ẹnu igi méjèèjì níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń gbẹ lójú yín, nítorí pé wọn yóò mu tó ìlọ́po mélòó kan ohun tí ara yòókù mu. Bí kò bá mu mọ́, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá nu gbogbo èyí tó kù lójú igi kúrò pátápátá, torí èyí tó bá dúró lókè yóò di èdidi tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ní àsìkò òjò, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìpele tó kù kò nílò tọ́pẹ̀ńtáìnì. Igi líle lè ní ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ìpele mẹ́ta, ṣùgbọ́n arère yóò gbà tó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ óò mọ̀ pé ó tó nígbà tí ẹ̀kán omi bá jókòó lórí ẹnu igi láìwọlé.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ìnuwọ́ kì í ṣe eré rárá. Aṣọ tí linseed wà lára rẹ̀ máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, bí ẹ bá sì ká a jọ sí igun àtíbàbà láàárín èérún igi, ó lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ìta títí yóò fi gbẹ gán-an, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Lẹ́yìn ìpele tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí abọ́ náà sinmi fún oṣù kan kí oúnjẹ tó kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa dán, ẹ fi ìda oyin díẹ̀ ra á, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i, ẹ má sì rì í sómi. Obì, ẹ̀pà, ọsàn àti àkàrà tó ti tutù ló yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fi gbé obì fún àlejò, kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún lẹ́yìn náà, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Tí ẹnu igi bá ti ń funfun padà, ẹ fún un ní ìpele òróró kan síi ní ọjọ́ yẹn gan-an.