Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìfẹ́ Tí Ọ̀dọ́bìnrin Aláwọ̀ Dúdú Lè Fi Kọ́gbọ́n

Ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ, tó sì tún ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, sábà máa ń kánjú wàásù. Ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ka ìwé yín ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ ìmọ̀ràn títí etí rẹ̀ fi kún: nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí fóònù. Ohun tí kò rí ni bí ọkùnrin tó ń pa á lẹ́rìn-ín ṣe ń di ẹni tó ń bà á lẹ́rù, díẹ̀díẹ̀, láìsí ọjọ́ kan pàtó tó lè nàka sí. Ìtàn lè fi ìyẹn hàn án.

Ẹ mú ìwà kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó ń ṣọ́ obìnrin lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni, ẹ fi irọ́ àti àgbèrè sílẹ̀ fún ìwé mìíràn. Ẹ kọ àmì mẹ́fà tó ń fi ìwà náà hàn sílẹ̀, látorí èyí tó kéré jù dé èyí tó le jù. Kí àkọ́kọ́ ti wọlé kí orí kẹta tó parí, kó sì jọ ìfẹ́: “Má wọ bọ́ọ̀sì mọ́, èmi ni màá máa wá gbé ẹ.” Nígbà tó bá fi di orí kẹwàá, kò lè jáde mọ́ àfi tí ọkùnrin náà bá gbé e. Bí àmì àkọ́kọ́ bá burú jù, òǹkàwé á máa fojú òmùgọ̀ wo ọmọbìnrin náà. Ẹni tí irú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ sí á pa ìwé dé, torí pé ọkùnrin tirẹ̀ kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìran kan. Ọkùnrin náà ń bá obìnrin náà fi òróró pa àárín irun tó dì. Fóònù dún. “Ta nìyẹn?” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń béèrè, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Obìnrin náà da ojú fóònù dé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á máa yún agbaninímọ̀ràn láti ṣàlàyé. Ẹ pa àlàyé náà rẹ́.

Àwọn òǹkàwé wọ̀nyí kì í gbójú fo ọ̀rọ̀ irun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná na irun kì í wọnú òjò láìborí, kì í sì í sùn láìdé fìlà sátìn. Ẹ má sì fi ṣokoléètì tàbí kọfí ṣàpèjúwe àwọ̀ ara. Ó ti sú wọn.

Bí ìmọ̀ràn bá pọn dandan, ẹ fi í sẹ́nu ọ̀rẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e, kó má ju gbólóhùn méjì lọ. Orí 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ 2,500 tó fún irú ìwé yìí.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni ìgbà tí obìnrin náà bá fẹ́ lọ. Ewu máa ń pọ̀ sí i nígbà tí obìnrin bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, òǹkàwé sì lè ṣe ohun tó kà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó kojú rẹ̀ lóru nígbà tó jẹ́ àwọn méjì nìkan ló wà nílé. Kó ti kó àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ síta ṣáájú, kó sọ fún ẹnì kan, kó lọ nígbà tí ọkùnrin náà kò sí nílé. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹ kọ nọ́ńbà National Domestic Violence Hotline síbẹ̀, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń ran àwọn tí olólùfẹ́ wọn ń fìyà jẹ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà: 1-800-799-7233. Wọ́n ń gba ìpè tọ̀sán-tòru lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn àtúnkọ, ẹ fún ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí yín kà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé, ibo ni ara ti kọ́kọ́ fu yín sí ọkùnrin yìí? Bí gbogbo wọn bá ní orí kìíní, ẹ ti tú àṣírí jù. Bó bá jẹ́ orí kejìlá, ẹ padà lọ mú àmì kejì àti ìkẹta yọ síta sí i. Àárín orí 4 sí 8 ló dára jù.