Bí Aláboyún Ṣe Lè Dènà Àrùn Ojú Ìtọ̀

Obìnrin tó lóyún, tó sì ń tajà ní ọjà Kútọ̀ tàbí Ọmídá ní Abẹ́òkúta, lè máa sá fún omi láti òwúrọ̀ kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n ọ́n níbi tí kò ti sí ilé ìtọ̀ tó ṣeé wọ̀. Àṣà yìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Oyún a máa dẹ àwọn ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú kíndìnrín, ilé-ọmọ tó ń tóbi a sì máa tẹ àpò ìtọ̀, tí ìtọ̀ kò fi ní tán nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Inú ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Ẹ máa mu omi tó mọ́ títí ìtọ̀ yín kò fi ní pọ́n mọ́, ẹ má mú un mọ́ra, àní bó tilẹ̀ gba pé kí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiyín bá yín wo ọjà. Ẹ jókòó títí yóò fi tán, kí ẹ sì tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀.

Orúkọ tí a fún àrùn yìí, tọ́lẹ́ẹ̀tì infẹ́kíṣọ̀n, ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà, wọ́n rò pé ilé ìtọ̀ ni a ti ń kó o. Inú ìgbẹ́ ara ẹni ni kòkòrò náà ti sábà ń wá, nítorí náà ẹ máa nu ìdí láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù tàbí Dettol fọ inú ojú ara. Omi lásán ní ìta ti tó.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni àyẹ̀wò ìtọ̀, nítorí kòkòrò lè wà níbẹ̀ láìsí ìrora kankan, kí ó gòkè dé kíndìnrín, tàbí kí ó mú kí ọmọ wáyé ṣáájú oṣù rẹ̀. Bí ẹ bá lọ fún ìtọ́jú aláboyún, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà tàbí ní ilé ìlera àdúgbò yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún kòkòrò, kì í ṣe fún ṣúgà nìkan. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìta, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ wá gba ti àárín sínú ike.

Bí wọ́n bá rí kòkòrò, ẹ lo oògùn tí dókítà kọ tán, kódà bí ara bá ti yá. Ẹ má fi agbo tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìtòkú dípò rẹ̀, ẹ má sì dá oògùn rà ní kẹ́míìsì, nítorí tetracycline, fún àpẹẹrẹ, lè ba eyín àti egungun ọmọ inú jẹ́. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ tètè sọ; bí ibà, òtútù, èébì tàbí ẹ̀gbẹ́ ríro bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.