Òǹtẹ̀ kan àti àgékù àǹkárá ti tó láti fi di ọjà yín

Ẹ̀yin tó ń fọwọ́ ṣe ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí báàgì n'Ìbàdàn, ẹ má tíì náwó sí ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Ẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ kan, kí ẹ máa lù ú sára bébà búráùn, kí ẹ sì fi àgékù àǹkárá so ó. Àwọn tó ń tẹ ọ̀rá kì í fẹ́ tẹ díẹ̀, bí nọ́ńbà fóònù yín bá sì yí padà, èyí tó kù ti ṣòfò nìyẹn. Òǹtẹ̀ ní tirẹ̀, ìnkì nìkan lẹ ó máa rà sí i. Orí tábìlì ni kí ẹ ti lù ú kí ẹ tó ká bébà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ṣinṣin, ẹ má fà á, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ní ti àgékù, ẹ bẹ télọ̀ àdúgbò yín, torí púpọ̀ nínú wọn dà á nù ni. (Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ kan náà fún gbogbo ọjà, ẹ ra ọ̀pá kan ní Gbági.) Ẹ gé e ní fífẹ̀ ìka méjì, kí ẹ fa òwú etí rẹ̀ yọ díẹ̀ kó ṣe wájàwájà, ó máa ń wu oníbàárà débi pé wọn kì í sọ ọ́ nù. Òrí àti ohunkóhun tó bá lépo nìkan ni bébà kò gbà, nítorí epo á mù ún, òǹtẹ̀ á sì parẹ́. Inú ike ni kí ẹ kó ìyẹn sí, kí ẹ wá so àǹkárá mọ́ ọrùn ike náà.