Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí Èkó bá jẹ́ ibùdó iléeṣẹ́ bàálù orí kọ̀ǹpútà

Ọmọ Yorùbá tó bá dá iléeṣẹ́ bàálù orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ká tó ṣẹ́jú, ó ti kọ DNMM, àmì lẹ́tà mẹ́rin tí àwọn awakọ̀ bàálù fi ń pe pápákọ̀ Èkó, síbi tí wọ́n ní kó kọ ibùdó sí. Kò burú. Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí bàálù tó ń balẹ̀, pápákọ̀ Murtala Muhammed ló sì ń gba èrò jù ní Nàìjíríà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé orúkọ Èkó là ń mú, a kì í mú Èkó fúnra rẹ̀. Ẹ wo àtẹ ìrìnnà àwọn míì: bí ẹ bá pa DNMM rẹ́ níbẹ̀ tí ẹ fi Dubai rọ́pò rẹ̀, kò sóhun tó máa yí padà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, eré ni, àmọ́ eré tó ní òfin ni. Kálukú wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú Microsoft Flight Simulator tàbí X-Plane. Iléeṣẹ́ náà ní àtẹ ìrìnnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó mú ìrìnnà kan níbẹ̀, ẹ ó fò ó, ètò kékeré kan tó ń ṣọ́ yín á sì fi ìròyìn ránṣẹ́: ìgbà tí ẹ gbéra, epo tí ẹ jó, bí táyà ṣe gbá ilẹ̀ tó. Ibùdó ni ibi tí àwọn bàálù yín ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń padà sí.

Àṣìṣe tó ń pa iléeṣẹ́ jù ni kí wọ́n kó Boeing 777 àti Airbus A330 jọ, kí wọ́n kọ London, Atlanta àti Johannesburg sórí àtẹ, kó parí síbẹ̀. Èkó sí London tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn. Ta ló ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland? Ẹni tó ń gbé ní Peckham ní London pàápàá ní iṣẹ́ tí yóò jí lọ láàárọ̀. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ iná. Bàálù ti wà lókè aginjù Algeria, ó ti lo wákàtí mẹ́ta lójú òfuurufú, iná lọ, ínfátà ń ké pí-pí-pí lábẹ́ tábìlì. Bí ètò tó ń ṣọ́ ìrìnnà kò bá mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan dúró sí, wákàtí mẹ́ta ti wọgbó. Kí ẹ tó gba ètò kankan wọlé, ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò: ẹ pa kọ̀ǹpútà lójijì láàárín ìrìnnà, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìrìnnà kúkúrú ló ń mú kí ibùdó Èkó wà láàyè. Abuja kò ju nǹkan bíi kìlómítà 510 lọ, wákàtí kan péré, ẹ ti dé. Port Harcourt wà níbẹ̀, Benin City wà níbẹ̀, Accra náà ń bẹ. Kútọnu kò jìn tó kìlómítà 110, kí ẹ tó gun òkè tán ẹ ti gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kí irú àwọn wọ̀nyí pọ̀ ju ti òkèèrè lọ lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ rọ́nwéè, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tó mọ Ìkẹjà. Méjì ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe ìbejì. Orí kọ̀ọ̀kan rọ́nwéè ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń jẹ́ orúkọ méjì. 18R/36L gùn ní mítà 3,900, ó fẹ̀ ní mítà 60. 18L/36R kò kọjá mítà 2,743 ní gígùn, mítà 45 ló fi fẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á ní kí kọ̀ǹpútà bá àwọn yàn, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn lásán ni kọ̀ǹpútà ń wò. Wọ́n á wá kó bàálù ńlá tó gbé epo wákàtí mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń lọ Atlanta, sórí 18L nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Nígbà tí òpin rọ́nwéè bá yọjú tí imú bàálù kò tíì gbéra, wọ́n á ní eré náà ló bàjẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ilé èrò abẹ́lé, ìyẹn MMA2 àti GAT (General Aviation Terminal), ni 18L wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí iná lórí rẹ̀, nítorí náà bàálù abẹ́lé tó bá dé lálẹ́ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sórí 18R, kó wá fi táyà rìn lọ sí ibi tó ń lọ, kí epo máa jó. Ọdún 2022 ni iná tó dé ibẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé èrò òkèèrè tuntun. Èyí kàn yín o. Bí àwòrán pápákọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ń lò bá ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ibi tí ẹ ní kó lọ páàkì lè jẹ́ koríko lójú tirẹ̀. Ẹ yan àwòrán kan, ẹ sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun la ó máa lò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á jiyàn.

Ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku aginjù lè bo Ìkẹjà débi pé ẹ ò ní rí rọ́nwéè títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó máa ń pa ojú ọjọ́ gidi, tí wọ́n á fi ojú sánmà tó mọ́ rekete sí i kí àwòrán ìbalẹ̀ wọn lè dára. Kí ni wọ́n wá wá sí Èkó? Èkejì ló burú jù: pápákọ̀ tí wọ́n máa yà sí bí Èkó kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún SimBrief, ojúlé tó ń bá ènìyàn ṣètò ìrìnnà, tàbí irú rẹ̀, èyí tó sún mọ́ ló lè mú, bíi Kútọnu, eruku tó wà ní Ìkẹjà sì ti lè wà ní Kútọnu pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú mọ́ Èkó lára, Accra ni àwọn bàálù òkèèrè yà sí. Nǹkan bíi kìlómítà 400 ni. Ẹ gbé epo tó máa dé ibẹ̀, kí ẹ fi ti ìdúró nínú òfuurufú kún un, kí ẹ sì wo ojú ọjọ́ Accra náà kí ẹ tó gbéra, torí ọyẹ́ kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnu ibodè.

Ní ti aago, ẹ kọ gbogbo àkókò ní Z, ìyẹn UTC, aago kan ṣoṣo tí gbogbo awakọ̀ bàálù lágbàáyé ń lò, kó tán. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú Z látọdún dé ọdún. London ló ń yí tirẹ̀: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà ni àwa pẹ̀lú wọn ń lò, nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú. Àtẹ tí wọ́n fi aago ìlú ṣe á ní ìrìnnà kan náà fi wákàtí kan gùn sí i lóṣù Kọkànlá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ìdí.

Ẹ má kọ ìrìnnà aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí gbogbo ìlú tí ẹ bá fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kékeré nílẹ̀ wa kì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báyìí ni ti Àkúrẹ́ àti ti Ìbàdàn rí. Bákan náà, ẹ má da ọ̀nà òfuurufú tó ti pẹ́ kọ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger lóṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti òfuurufú orílẹ̀-èdè náà pa láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, ìrìnnà Èkó sí Yúróòpù sì ní láti yí gba ibòmíì. Àwọn ọ̀nà tí ènìyàn fi pamọ́ lóṣù yẹn ṣì ń káàkiri.

Lórí VATSIM, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń ṣe eré yìí ti ń fò pa pọ̀, tí àwọn olùyọ̀ǹda sì ń ṣe adarí òfuurufú, adarí kì í fi bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó bí wọ́n ṣe ń wà ní Heathrow. Ẹlòmíì á ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, á gbéra láti 36L, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ti ń bọ̀ lórí 18R ní tààrà. Bí kò bá sí adarí, orí ìkànnì rédíò 122.800 ni ẹ ó ti máa sọ̀rọ̀: ibi tí ẹ wà, rọ́nwéè tí ẹ fẹ́, ìgbà tí ẹ kúrò lórí rẹ̀. Kódà bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ má gbé àmì iléeṣẹ́ bàálù gidi tó ṣì ń fò sára bàálù yín láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ dúró de èsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ sọ iléeṣẹ́ tiyín lórúkọ mìíràn, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ tó wù yín. Àwọn tó ti kógbá wọlé bíi Nigeria Airways, tó dákẹ́ ní 2003, ni ọ̀pọ̀ máa ń sá lọ bá, ìyẹn sì dùn láti ṣe. Àmọ́ ẹ rántí ìlú tí a wà. Ojúlé tó ní àwòrán bàálù, orúkọ tó jọ ti gidi àti bọ́tìnnì "Darapọ̀ mọ́ wa" lè tan ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ kiri, kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Gbájú-ẹ̀ kan sì lè gba ojúlé yẹn lò láti fi gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ irú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè ewé àkọ́kọ́, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pé eré orí kọ̀ǹpútà ni, pé ẹ kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì, pé ẹ kì í gba òṣìṣẹ́, pé ẹ kì í gba kọ́bọ̀. Kí bọ́tìnnì yẹn máa jẹ́ "Wá bá wa ṣeré".