Ẹ Yé Ju Owó Sábẹ́ Ọkọ̀ Hybrid: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìdáàbòbò Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé irin wo ló nípọn jù tí òun lè dè sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìbéèrè yẹn ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò ra páànù tí òòlù kò lè tẹ̀, yóò dè é síwájú, kò sì ní bojú wo wáyà iná ńlá tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nínú ọ̀pọ̀ hybrid, inverter (ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà kí mọ́tọ̀ iná lè lò ó) wà níwájú, bátìrì ńlá wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ló so méjèèjì pọ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló sì sábà máa ń gbà. Bátìrì Prius ìran kejì, hybrid Toyota, jẹ́ 201.6 fóòtì (volt). Iná yẹn kì í ṣe ti bátìrì 12 fóòtì tí èèyàn lè fọwọ́ kàn kó sì máa rẹ́rìn-ín. Nítorí rẹ̀ ni UN R100, ìlànà àjọ UN lórí ààbò ọkọ̀ oníná, fi ní kí ìbòrí wáyà tó bá wà níta jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó bá wọ abẹ́ ọkọ̀ lè mọ ohun tó wà níwájú òun.

Àṣìṣe kìíní: ríra nǹkan kí a tó wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà sí i, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ìdúró irin tó dúró ṣinṣin (jáàkì nìkan kò tó, ẹ má bá mi jiyàn lórí èyí), kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ibi tí wáyà aláwọ̀ ọsàn gbà àti ibi tó ti so mọ́ nǹkan. Ẹ wo catalytic converter (ẹ̀yà ara páìpù sáláńsà tó ń fọ èéfín mọ́), bóyá ó fara hàn tàbí ó fara pamọ́. Ẹ wo ibi tí a ti ń tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíáàbọ́ọ̀sì, ibi tí jáàkì ń wọ̀, páìpù bíréèkì, àti ihò bóòtù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti fi sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ẹ fẹ́ dáàbò bò.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú RAV4 Hybrid ti Toyota tó ní mọ́tọ̀ iná lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n ṣe láti 2019. Lára àwọn kan nínú wọn, ibi tí wáyà aláwọ̀ ọsàn ti so mọ́ mọ́tọ̀ ẹ̀yìn ni omi iyọ̀ ojú títì ń wọ̀, tí ìpẹtà sì ń jẹ ìhun irin tó yí wáyà náà ká. Toyota padà fi kún àkókò tí wọ́n fi ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yà yẹn. Páànù iwájú tó nípọn tó ilẹ̀kùn báńkì kò lè ran irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, torí ẹ̀yìn ni ìṣòro wà.

Àṣìṣe kejì: kí a rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dára tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Páànù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó sì fẹ̀ ní 80: tó bá jẹ́ irin tó nípọn ní mìlímítà 3, ó wúwo tó kìlógíráàmù 19. Alumíníọ̀mù mìlímítà 5 tó tóbi bákan náà kò ju bíi 11 lọ. Nítorí kí epo lè pẹ́ lẹ ṣe ra hybrid. Kí wá ni ẹ ń gbé irin kiri fún? Ọ̀pọ̀ hybrid kéékèèké kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 lọ kúrò nílẹ̀. Bí páànù bá sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbá gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti ń kọjá tẹ́lẹ̀ láìfara kan nǹkan kan.

Ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà ni kó sọ ohun tí ẹ máa rà. Títì tó dán: ike líle tí ilé iṣẹ́ fi síbẹ̀ ti tó, bó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà oníhò àti olókùúta wẹ́wẹ́: alumíníọ̀mù mìlímítà 4 sí 5. Ibi tí ọkọ̀ ti ń jókòó lé òkúta ńlá: irin mìlímítà 2 sí 3, torí irin máa ń yọ̀ kọjá lórí òkúta, a sì lè fi òòlù nà án padà, nígbà tí òkúta máa ń gé wọ inú alumíníọ̀mù. Àmọ́ ta ló ń gbé hybrid kékeré lọ sórí òkúta ńlá?

Àṣìṣe kẹta: páànù tí kò ní ihò. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá ti inú rédíétọ̀ jáde, ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ hybrid, inverter náà ní omi ìtutù tirẹ̀, iwájú níbẹ̀ ló ti ń tutù. Bí ẹ bá dí ìsàlẹ̀ pa, ooru á há sínú. Ẹ wá èyí tó ní ihò ẹlẹ́tí tó kọjú sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè jáde láìjẹ́ pé omi ń ta wọlé. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè fún ibi tí a ti ń tú ọ́ìlì àti fún fílítà. Bí kò bá sí i, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ni mẹkáníìkì yóò tú bóòtù mẹ́jọ. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mẹ́rin ló máa dá padà.

Àṣìṣe kẹrin: kíkó irin ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ irin catalytic converter. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ wà fún òkúta, èkejì wà fún olè. Platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú converter, ni olè ń wá. Ẹ́ńjìnnì hybrid kì í sì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn, nítorí náà ohun tó wà nínú tirẹ̀ kì í tètè gbó. Ẹ fi bóòtù tí orí rẹ̀ máa ń já lẹ́yìn tí a bá ti fún un tán dè é. Bóòtù tí sípánà 10 lásán lè tú, ẹ̀bùn lẹ fi ń ta olè lọ́rẹ. Kò sí páànù tí ayùn oníná kò ní gé. Ẹ kàn ń ra ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ariwo lè pọ̀, kí olè lè bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ máa ń gbóná dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún dígírì. Ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sílẹ̀ láàárín irin àti sáláńsà, kí ẹ sì yan èyí tó ní ihò. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè: ewé gbígbẹ àti ọ̀rá máa ń kó jọ sórí rẹ̀, iná ló sì ń wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ jó irin náà mọ́ páìpù sáláńsà láìkọ́kọ́ yọ bátìrì 12 fóòtì àti kọ́kọ́rọ́ iná ńlá (service plug, èyí tó ń gé iná bátìrì ńlá), ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kan ọ̀dà dúdú, èyí tó ń bí mi nínú ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà rọ́bà tàbí ti kóótà tí wọ́n ń fín sábẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo rẹ̀ á dúdú mìnìjọ̀, tí olówó á wò ó, tí á ní ó ti di tuntun. Ẹni tó fín in kò fọ ibẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n, kò bo nǹkan kan. Orí ìpẹtà ló fín in sí. Irú ọ̀dà yìí máa ń le bó bá ti gbẹ. Bó bá pẹ́, ó máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Irin á máa jẹrà lábẹ́ awọ dúdú náà, ojú ò sì ní rí i. Ẹ mú ṣọ́ńṣó sukurudíráfà, ẹ rọra tẹ ibi tó bá wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jáàkì ń wọ̀. Bó bá ní ìpẹtà lábẹ́, ọ̀dà náà á ṣí bí èèpo, ìpẹtà pupa á sì dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. Bó bá le gbagidi tí kò gbà, ẹ dúpẹ́.

Ti ọkọ̀ epo lásán nìyẹn. Ti hybrid tún burú sí i, torí wọ́n á fín in bo wáyà aláwọ̀ ọsàn pẹ̀lú! Àwọ̀ tí wọ́n fi sí i kí èèyàn má bàa kú, wọ́n ti sọ ọ́ di dúdú. Mẹkáníìkì tó bá débẹ̀ lọ́la, tàbí panápaná tó fẹ́ gé ọkọ̀ lẹ́yìn ìjàmbá, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ohun olómi tó wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ sì lè ba ìbòrí wáyà jẹ́, bí ìbòrí náà bá sì ya, ọ̀dà á bo ojú ibi tó ya.

Wọ́n tún máa ń fín in dí ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú wá. Wọ́n á fín in sórí sáláńsà, yóò máa rú èéfín tí ọkọ̀ bá gbóná. Wọ́n á fi dí ihò tí gíáàbọ́ọ̀sì fi ń mí, ọ́ìlì á wá máa wá ọ̀nà jáde lẹ́bàá síìlì. Wọ́n á fín in sí díìsì bíréèkì. Mo lè máa kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dáadáa, báyìí ni. Ẹ fi omi tí kò lágbára púpọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó bá wà, ẹ fi oògùn ìpẹtà tó ní ásíìdì phosphoric tàbí tannic ra ibẹ̀, kí ẹ sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy lé e nígbà tó bá gbẹ. Ẹ fi ọ̀rá àti téèpù bo gbogbo wáyà aláwọ̀ ọsàn àti ibi tí wọ́n ti so, sáláńsà, sẹ́ńsọ̀, díìsì bíréèkì, ihò ìmí àti ihò omi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fín ohun tí ẹ fẹ́ fín, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì.

Dípò ọ̀dà tó ń le, ìda tàbí lanolin, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń yọ lára irun àgùntàn, ni kí ẹ lò. Kì í le; ó máa ń yọ́ wọ inú ibi tí irin ti pàdé irin, ibẹ̀ gan-an sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lítà 3 sí 4 máa ń tó ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ tún un fín lọ́dọọdún. Èyí tó bá ní epo rọ̀bì nínú lè mú kí rọ́bà ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wú, ẹ má jẹ́ kó kàn án. Kí ọkọ̀ wà ní pípa pátápátá nígbà tí ẹ bá ń fín nǹkan wọ̀nyí: hybrid tí iná READY rẹ̀ (èyí tó ń sọ pé ọkọ̀ ti ṣe tán láti rìn) bá ṣì ń tàn lè ta ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti kún fún ohun tó ń gbaná.

Mi ò ka nọ́ńbà mọ́. Àwọn tó kù nìyí:

Lílu ihò tuntun sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ò mọ ohun tó wà lókè ibi tí ẹ ń lu. Nínú hybrid tí a ń so mọ́ iná láti fi kún bátìrì rẹ̀, bátìrì lè wà lábẹ́ ìsàlẹ̀ gan-an. Ihò tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀ ni kí ẹ lò, kí bóòtù má sì gùn ju tí ilé iṣẹ́ lọ.

Páànù “tó bá gbogbo ọkọ̀ mu”: kò bá ìkankan mu.

Yíyọ ike abẹ́ ọkọ̀ sọ nù torí pé ó ń dún. Ike yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ̀ kọjá lábẹ́, ó wà lára ohun tó ń dín epo kù. Kílíìpù ló já, ẹ ra kílíìpù.

Ẹ̀rọ kékeré oníná tí wọ́n ní ó ń lé ìpẹtà: irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ ojú omi àti páìpù tó wà nínú ilẹ̀ tútù, torí omi tàbí ilẹ̀ ló ń gbé iná náà yípo. Afẹ́fẹ́ ló yí mọ́tò yín ká. Ẹ fi owó náà ra lanolin.

Bóòtù irin tí kì í dógùn-ún lórí alumíníọ̀mù láìsí wọ́ṣà ike láàárín. Omi iyọ̀ á mú kí alumíníọ̀mù máa jẹ yí bóòtù ká títí páànù yóò fi bọ́. Bóòtù M8, ẹ fún un dé 20 sí 25 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtù), àyàfi tí ẹni tó ṣe páànù bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 100.

Fífi omi alágbára kọjú sí ibi tí wáyà aláwọ̀ ọsàn ti so. Rárá.

Síso páànù tàbí ohunkóhun mọ́ wáyà náà. Rárá pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ tan ọkọ̀ sí READY níbi tó dúró sí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ta kó sì kú ní ìgbà mélòó kan. Ìgbà tó bá ń ta àti ìgbà tó bá ń kú ló máa ń mì jù, ẹ́ńjìnnì hybrid sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra nínú ìrìn kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbọ́ kí irin dún gbarara fún ìṣẹ́jú àáyá kan, páànù ti kan sáláńsà tàbí ìdí ẹ́ńjìnnì. Wọ́ṣà díẹ̀ sábẹ́ bóòtù lè yanjú rẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìka méjì lè wọ àárín páànù àti wáyà aláwọ̀ ọsàn níbi gbogbo.

Bí ẹ bá rí i pé nǹkan ti ha ìbòrí wáyà náà, ẹ má fi téèpù dúdú wé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a ṣe fún 1000 fóòtì, tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ iná ńlá wà, tí yóò yọ ọ́ kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán kí iná inú inverter tó lọ tán, òun ni kó wá pààrọ̀ rẹ̀.