Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Rí I: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ní Sáyẹ́ǹsì

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, orí bọ́ọ̀dù ni ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Tíṣà á kọ àkọlé, á kọ oríkì rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á sì jọ kà á sókè ketekete. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹ mú hóró ẹ̀wà kan lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, kí ẹ ní kó fi ibi tí gbòǹgbò yóò ti yọ hàn yín, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí kò ju èyí lọ: ẹ má fún ọmọ ní ìdáhùn kó tó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan tí ẹ ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe yòókù, ọmọ ìyá àṣìṣe yìí ni wọ́n.

Ẹ̀wà inú ife

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kì í ti í gbin ẹ̀wà sínú ife. Iṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ wọ́n máa ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, ife kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ohun tí ife kan lè sọ fún ọmọ kò ju pé ẹ̀wà hù lọ, ọmọ sì ti mọ̀yẹn láti oko bàbá rẹ̀. Ẹ lo mẹ́rin, ife oníke tí ojú lè rí inú rẹ̀ kedere. Ẹ fi òwú tàbí tíṣù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki hóró ẹ̀wà márùn-ún márùn-ún sí àárín òwú àti ara ife, kí ẹni tó wà níta lè máa rí wọn. Ẹ wọ́n omi sí ti àkọ́kọ́ kó rin dáadáa. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ da omi bo ẹ̀wà inú ìkẹta mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ rin ìkẹrin bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè: èwo ni yóò hù? Kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe fò ó, nítorí ọmọ tó ti sọ èrò tirẹ̀ ló máa ń sáré wá wo ife láàárọ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ pé ti inú òkùnkùn kò ní hù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á rí i pé ó hù, pé ó tilẹ̀ ga ju ti ìta lọ, àmọ́ igi rẹ̀ tín-ín-rín, ewé rẹ̀ sì pupa ràkọ̀ràkọ̀. Ti inú omi yóò wú, yóò jẹrà, yóò sì máa rùn, nítorí kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ti gbígbẹ á wà bó ṣe wà. Nígbà náà ni kí ẹ wá kọ nóòtì yín: omi, afẹ́fẹ́ àti ìgbóná tó tó ni ẹ̀wà fi ń hù, ìgbà tó bá hù tán ló nílò ìmọ́lẹ̀ kó lè ṣe oúnjẹ ara rẹ̀.

Àwọn tíṣà kan wà tí wọ́n bá dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí wọ́n rí i pé ẹ̀wà kò hù, wọ́n á yára fi èyí tó hù nílé rọ́pò rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì wádìí ohun tó fà á. Bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ̀wà náà láti ọjà, bóyá omi gbẹ láàárín òpin ọ̀sẹ̀. Ìwádìí yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí wọ́n máa ń fi oògùn kòkòrò pa ẹ̀wà ọjà mọ́.

Ohun tí kì í ṣe òótọ́

Ẹ̀kọ́ àbẹ́là inú àwo omi gbajúmọ̀ gan-an. Wọ́n á tan àbẹ́là sáàárín àwo, wọ́n á da omi yí i ká, wọ́n á wá da ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà dé e. Iná á kú, omi á gòkè wọnú ìgò. Tíṣà á ní: "Iná ti jẹ ọ́síjìn tán, omi ló gba ipò rẹ̀." Irọ́ ni. Ọ́síjìn ṣì pọ̀ nínú ìgò yẹn nígbà tí iná kú. Ó kàn dín kù débi tí àbẹ́là kò fi lè jó mọ́ ni. Ohun tó fa omi sókè jù lọ ni pé afẹ́fẹ́ tí iná ti mú gbóná tutù lẹ́yìn tí iná kú, ó sì sún kì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ wò ó fínnífínní: ìgbà tí iná kú tán ni omi máa ń yára gòkè, kì í ṣe ìgbà tó ń jó. Kí ẹ wá tún un ṣe pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́ta lábẹ́ ìgò kan náà. Omi yóò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ọ́síjìn tó tán nìkan ló fà á, ibì kan náà ni omi ì bá dé, nítorí ọ́síjìn inú ìgò kò pọ̀ sí i.

Irú rẹ̀ mìíràn ni àwòrán ahọ́n tó ní iwájú ni a ti ń mọ adùn ṣúgà, ẹ̀yìn ni a ti ń mọ ìkorò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kán omi ṣúgà sí oríṣìíríṣìí ibi lórí ahọ́n, ọmọ á sọ fún yín.

Wọ́n tún ń kọ́ ọmọ pé ìgbà tí ayé bá sún mọ́ oòrùn ni ooru ń mú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì, nígbà tí ọyẹ́ ń jà tí ètè gbogbo wa ń bó, ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ: nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Júláì, ó máa ń tó mílíọ̀nù 152.

Èdè tí ọmọ kò gbọ́

Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló ta yọ. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi èdè tó gbọ́ jiyàn nípa ẹ̀wà rẹ̀. Tó bá ti yé e, kí ẹ wá fún un ní orúkọ tí yóò kọ nínú ìdánwò.

Ìdáhùn tí kò tọ̀nà

Bí ọmọ bá ní òṣùpá ń tẹ̀lé òun, ẹ má pè é ní olódo. Nǹkan tó rí ló sọ. Ẹ ní kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lálẹ́, kí wọ́n wá ròyìn. Àwọn méjèèjì á ní òun ló tẹ̀ lé. Ìgbà yẹn ni etí wọn ṣí láti gbọ́ pé òṣùpá jìn sí wa tó nǹkan bíi 384,000 kìlómítà, tí ìrìn ẹsẹ̀ wa kò fi lè yí ibi tí a ti ń rí i padà.

Tíṣà ló ń ṣe é, ọmọ ń wòran

Bí ọmọ ọgọ́ta bá wà ní kíláàsì, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà kan ṣoṣo, kí ẹ ní kí wọ́n tan iná. Ó ṣeé ṣe: ìdí gílóòbù á kan orí bátìrì, wáyà á ti ìdí bátìrì wá kan ẹ̀gbẹ́ gílóòbù. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ni yóò máa fọwọ́ kan nǹkan, tí àwọn obìnrin á máa kọ nóòtì. Ẹ máa yí iṣẹ́ po. Bí wáyà bá kan orí àti ìdí bátìrì láìgba ara gílóòbù, yóò gbóná, nítorí náà kí wọ́n tètè fi í sílẹ̀. Iná NẸ́PÀ kò sí nínú eré yìí rárá.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa ṣá ìṣáná, kí garawa iyanrìn sì wà nítòsí. Kí ọmọ kankan má fi ojú lásán wo oòrùn, ìbáà ṣe ọjọ́ tí òṣùpá bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí i, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí páálí, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. Àwòrán oòrùn á hàn lórí bébà ní roboto.