Bàtà Kan, Ẹsẹ̀ Méjì

Àwòrán iṣẹ́ ọnà kan tí oníṣẹ́ ọnà Meret Oppenheim ṣe ló kó mi sí wàhálà yìí. Lọ́dún 1936, obìnrin náà mú bàtà funfun onígìgísẹ̀ gíga méjì, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀ bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ yan, ó gbé wọn sínú àwo irin, ó sì fi bébà tó gé létí wẹ́wẹ́ dé wọn ní gìgísẹ̀. Èyí tó tún ṣe lẹ́yìn náà ló wà ní Moderna Museet, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Stockholm. Mo wò ó, mo ní: kí ló dé tí adìẹ yìí ò lè dìde?

Mo pinnu láti ṣe bàtà tó máa fi ẹsẹ̀ adìẹ méjì dúró. Bàtà òkìríkà ni mo rà. Mo ṣí awọ inú rẹ̀, mo bá ìṣó márùn-ún tó di gìgísẹ̀ mú, àti irin pẹlẹbẹ kan láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí bàtà gíga ká mọ́ni lẹ́sẹ̀. Mo yọ ìṣó, gìgísẹ̀ bọ́. Mo wá gbé e lọ bá wẹ́dà pé kó jó rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ irin náà.

"Àǹtí, iná á jó awọ yìí ráúráú." Ó yí i wò. "Ta ló tiẹ̀ máa wọ̀ ọ́?"

Mo ní kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́. Ló bá ní kí n kọ́kọ́ sanwó. Ó gé rọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́ lórúnkún. Èmi fi wáyà dè é fúnra mi.

Ìdúró ló lè jù. Imú bàtà wúwo, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e kalẹ̀ ló ń dojú bolẹ̀. Mo ki òkúta sẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lọ jókòó ti adìẹ ilé wa, mo rí i pé ọmọ ìka iwájú rẹ̀ gùn, wọ́n sì ya gbàgà. Mo na ti bàtà mi síwájú títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá imú rẹ̀ dọ́gba. Ó dúró.

Bébà ìròyìn tí mo rì sínú sítáàṣì ni mo fi wé rọ́ọ̀dù. Àsìkò òjò ni o, ó bu. Mo ha á dànù, mo tún un wé. Fún ìpẹ́, ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó ni mo lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí tòkè lè gun tìsàlẹ̀, bí ẹni ń kan páànù. Alẹ́ mẹ́rin gbáko! Àmọ́ n kò kùn ún lọ́dà rárá, àwọ̀ rẹ̀ ti tó ti adìẹ.

Mo gbé e sórí fìríìjì. Ìyá mi wọlé, wọ́n rọra fọwọ́ kan ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga.

"Èkejì rẹ̀ dà?"